Wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gòkè líìgì nínú speedway: ṣé ó ti tó àkókò?

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó (alẹ́ ọjọ́ Ajé)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń gbé ìlú ọba láti nǹkan bí ogún ọdún. Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún 18, ń sáré speedway. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, báyìí ló rí: ẹni mẹ́rin á tò sẹ́yìn tépù, tépù á fò sókè, wọ́n á yí pápá erùpẹ̀ po nígbà mẹ́rin, ọwọ́ òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí. 500cc ni máṣíìnì ọ̀hún, jíà kan ṣoṣo ló ní, methanol ló ń mu, kò sì ní búréèkì. Ẹ ò ṣì í kà. Kò ní búréèkì. Bí ìṣẹ́jú kan ni ìje kan fi ń parí. Ẹni àkọ́kọ́ á gba póìntì 3, ẹnìkejì 2, ẹnìkẹta 1, ẹni tó gbẹ̀yìn á gba òfo.

Líìgì mẹ́ta ni wọ́n ní lọ́hùn-ún: Premiership ló wà lókè, Championship láàárín, National Development League nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ lọmọ wa wà, ọdún kejì rẹ̀ nìyí, ó sì ń ṣe dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹgbẹ́ kan nínú Championship pè é pé kó wá máa wọ nọ́ńbà 7, ipò tó kẹ́yìn nínú ẹgbẹ́, fáwọn. Inú ọmọ ń dùn bí ẹni rówó he. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí lórí WhatsApp: "Ìwọ lo mọ̀ nípa máṣíìnì nínú ẹbí wa, kí lo rí sí i?"

Ẹ jẹ́ n sòótọ́, máṣíìnì tí mo mọ̀ kò ju Bajaj tó ń ná Sábó sí Ìjẹ̀dẹ́ lọ. Orí YouTube ni mo ti ń wo speedway. Ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Èbúté

Kó lọ kíá! Kí lẹ tún ń rò, Dádì? Ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún kì í béèrè bóyá kóun wọlé. Emil Sayfutdinov ọmọ Rọ́ṣíà wọ Grand Prix, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ olúborí àgbáyé, ní 2009 lọ́mọ ọdún 19, ipò kẹta ló ṣe ní gbogbo àgbáyé. Bartosz Zmarzlik ọmọ Póláńdì jáwé olúborí ní Grand Prix Gorzów ní 2014, ọmọ ọdún 19 lòun náà. Bẹ́ẹ̀ Grand Prix ni mò ń sọ o, kì í ṣe líìgì kejì. Ọmọ ọdún 18 kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Alhaji Ìmọ́tà

Àwọn ọlọ́kadà wa ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ti ṣetán tipẹ́. Àwọn náà kì í tẹ búréèkì.

Ìyá Ṣẹ́gun Ágíríìkì

Ẹ dákun, mi ò mọ eré yìí rárá, èmi kàn ń kọjá lọ ni mo rí i. Máṣíìnì tí kò ní búréèkì, báwo ni wọ́n ṣe ń dúró? Kí ló sì dé tí àwọn òyìnbó fi yọ ọ́? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò tiẹ̀ béèrè ìdí tí ìyá ọmọ fi ń sunkún.

Mẹkáníìkì Odógùnyán

Ìyá wa, ẹ kú àbójútó. Wọ́n yọ búréèkì nítorí pé ibi kan náà ni gbogbo wọ́n ń sáré lọ. Bí ẹni iwájú bá ṣàdédé tẹ búréèkì ní kọ́nà, ẹni ẹ̀yìn ti gùn ún lórí nìyẹn. Láti dín eré kù, wọ́n á dá ọwọ́ padà lórí tọ́rọ́tù, wọ́n á jẹ́ kí ìdí máṣíìnì yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ òsì tó wọ bàtà irin á máa wọ́ nílẹ̀. Ìyọ̀ yẹn gan-an ni búréèkì wọn. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ tèmi ṣàlàyé. Mo ti tọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ lè mọ ẹ́ńjìnnì tú lóṣù mẹ́fà. Mi ò ní tìtorí ìyẹn ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un. Ọjọ́ tí máṣíìnì bá ń bọ̀ lókèèrè, tí ọmọ wá gbójú sókè tó ní, "Ọ̀gá, ṣéènì ìyẹn ti fẹ̀," tí kò sì tíì fọwọ́ kàn án, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú rẹ̀. Ti speedway náà kò yàtọ̀. Pápá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń parí. Bí ìje bá ti di márùn-ún, mẹ́fà, táyà á ti kó erùpẹ̀ kúrò nínú, á ti kó o jọ sẹ́bàá ògiri lóde. Ọ̀nà tó yá ní ìje kejì, ó lè ti di ọ̀nà ìgbín ní ìje kẹwàá. Ẹ bi ọmọ yín léèrè: tó bá ń dúró de ìje rẹ̀, kí ló máa ń wò? Bó bá ní fóònù lòun ń tẹ̀, kó jókòó síbi tó wà.

Ọmọ Èbúté

😂😂 Ọ̀gá, ọmọ ọdún 18 wo ni kì í tẹ fóònù?

Bọ̀dá Manchester (ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Ọdún méje ni mo fi gbé Manchester kí n tó padà sílé wá sí Ìtamágà, alẹ́ ọjọ́ Ajé kan kì í sì í dédé kọjá mi ní Belle Vue, ilé speedway wọn níbẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ṣí pápá tuntun ní 2016. Ẹ ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ẹ ti sọ̀rọ̀ ojú inú. Ẹnì kankan kò tíì sọ̀rọ̀ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìṣirò ló ń gbé ọmọdé gòkè lọ́hùn-ún.

Eléré kọ̀ọ̀kan ló ní ìpíndọ́gba tirẹ̀. Ẹ kó póìntì rẹ̀ jọ, ẹ pín in sí iye ìje tó sá, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bọ́mọ bá sá ìje 24, tó kó póìntì 54, ìyẹn 2.25 ní ìje kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po 4 rẹ̀ sì jẹ́ 9. Ẹni tí kì í fi ipò kìíní sílẹ̀ á ní 12. (Póìntì ẹ̀bùn wà nínú rẹ̀ o: bí ẹ bá tẹ̀ lé ẹnìkejì yín nínú ẹgbẹ́ lẹ́yìn gbágbáágbá, tẹ́ ẹ sì fi ẹni òdìkejì sẹ́yìn, wọ́n á fi 1 kún un fún yín.)

Ibi tó ti le nìyí. Ẹni méje ló wà nínú ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń to ẹgbẹ́, àpapọ̀ ìpíndọ́gba àwọn méjèèje kò gbọdọ̀ kọjá iye tí líìgì là kalẹ̀. Bí ọ̀gá ẹgbẹ́ bá wá fẹ́ akọni méjì tí nọ́ńbà wọn wúwo, ó ní láti wá ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ fúyẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí àyè lè gbà wọ́n. Ta ni nọ́ńbà rẹ̀ ń fúyẹ́? Ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n pe ọmọ yín nítorí pé ó mọ eré, tàbí nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ bá ihò tó ṣófo mu. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀. Ó sáré díẹ̀, ó gbèrú díẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wúwo díẹ̀ sí i, kò wá bá ihò yẹn mu mọ́. Wọ́n yọ ọ́ láàárín ọdún. Èyí tí kò gbèrú ńkọ́? Òun náà, wọ́n yọ ọ́. Mi ò bú wọn o, bí wọ́n ṣe ń ta ayò wọn nìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan: tọ́mọ yìí bá ṣubú nínú ìje mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣé nọ́ńbà 7 ṣì jẹ́ tirẹ̀?

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó

Ha! Bọ̀dá, ẹ ṣeun púpọ̀. Èmi rò pé ìpè ni ìpè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣe é, ìpíndọ́gba rẹ̀ lé díẹ̀ ní 8 níbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní pápá ilé lọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá.

Mẹkáníìkì Odógùnyán

Ẹ tún ìyẹn sọ! Pápá ilé lọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Pápá ilé ò fi ẹni hàn, torí ọmọ ti mọ ibi tí òkúta wà, ó mọ kọ́nà tó máa ń rọ̀. Ẹ lọ wo ìwé rẹ̀ lóde. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí pápá tójú rẹ̀ ò rí rí, tó gba 0 ní ìje àkọ́kọ́, kí ló gbà ní ìkẹta? Bó bá jẹ́ 0, 1, 2, ọmọ ń kọ́ nǹkan láàárín alẹ́ kan. Bó bá jẹ́ 2, 0, 0, àwọn yòókù ti rí i, òun ni kò rí nǹkan kan.

Ọmọ Èbúté

Gbogbo yín kàn ń dẹ́rù ba bàbá yìí ni. Ẹni tí kò bá bá àwọn tó jù ú lọ sáré, níbo ló ti fẹ́ kọ́ ọ? Zmarzlik tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó kọ́kọ́ dúró lórí pèpéle Grand Prix, ní 2012. Ó ti gba ife àgbáyé ní 2019, 2020, 2022, 2023, 2024 àti 2025. Tí wọ́n bá sọ fún un pé kó jókòó ńkọ́?

Bọ̀dá Manchester

Àbúrò, o mọ nǹkan, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n o ò ka ìtàn náà tán. Àlejò tí wọ́n pè fún alẹ́ ẹyọ kan ni Zmarzlik nínú Grand Prix 2012 àti 2014 yẹn, pápá ilé rẹ̀ ní Gorzów sì ni méjèèjì. 2016 ló tó wọ̀ ọ́ fún odidi ọdún, ipò kẹta ló sì ṣe. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Gorzów yẹn ló ń sáré fún ní Póláńdì, kò sì kúrò níbẹ̀ títí 2022 fi parí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè ní Póláńdì gbọ́dọ̀ ní ọmọ tí kò ju ọdún 21 lọ méjì, ìje kejì sì jẹ́ tàwọn ọmọdé fúnra wọn. Wọ́n mọ odi yí ọmọ wọn ká. Ọmọ tiwa tí wọ́n ń pè yìí, òun nìkan ló ń lọ.

Tai Woffinden ni kó o wò. Scunthorpe ni wọ́n bí i sí, Perth ní Ọsirélíà ló ti dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ní Scunthorpe ní 2006, ó gun àkàbà kíákíá, ó dé Grand Prix ní 2010 lọ́mọ ọdún 19. Ọdún yẹn náà ni bàbá rẹ̀ kú. Ìsàlẹ̀ àtẹ ló parí sí, wọ́n sì já a sílẹ̀.

Ọmọ Èbúté

Ó wá di ta ni ní 2013?

Bọ̀dá Manchester

Ó di olúborí àgbáyé ní 2013. Ó tún gbà á ní 2015 àti 2018.

Ọmọ Èbúté

Ẹ wò ó! Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ó tètè gòkè, ó ṣubú, kò kú, ó padà wá gba ife. Èmi ò ní nǹkan mìíràn láti sọ 🙌

Bọ̀dá Manchester

O gbá mi mú níbẹ̀ o, àbúrò, mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ ni mo ti ń rò ó. Kí ló dé tí ìṣubú yẹn kò fi ba ti Woffinden jẹ́? Ó níbi tó lè padà sí. Grand Prix bọ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú líìgì ṣì wà níbẹ̀.

Èyí tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ tiẹ̀ wá. Ivan Mauger ọmọ New Zealand lọ sí ẹgbẹ́ speedway Wimbledon ní ìlú ọba ní 1957, ọmọ ọdún 17 ni, nínú líìgì tó ga jù. Kò rí i ṣe. Ó padà sílé. Nígbà tó máa padà wá ní 1963, kò béèrè òkè mọ́, Newcastle ló lọ, nínú Provincial League tó wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀ ló ti sáré títí ara rẹ̀ fi gbà á. Nígbà tó di 1968, ó gba ife àgbáyé, ó sì gba márùn-ún mìíràn lé e. Ìgbà mẹ́fà! Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin yẹn gun àkàbà kan náà, àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ló sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo wá ń yí ohùn padà díẹ̀, Bàbá Ìbejì. Bóyá ọmọ ti tó tàbí kò tíì tó, ìyẹn kò tíì ká mi lára tó báyìí: bó bá gòkè, ṣé àga rẹ̀ nísàlẹ̀ ṣì máa dúró dè é?

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó

Ṣé wọ́n gbà kí ẹnì kan wà nínú líìgì méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Bọ̀dá Manchester

Wọ́n gbà á. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ nọ́ńbà 6 àti 7 nínú Championship ló ṣì ń sáré nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà làwọn míì ń sáré nínú Championship àti Premiership pọ̀. Ìnáwó rẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Eléré fúnra rẹ̀ ló ń ra máṣíìnì, òun ló ń tún un ṣe, iye póìntì tó bá mú ni wọ́n á fi sanwó fún un. Ọmọ tó bá mú 1 lálẹ́ kan, owó epo mọ́tò lè má jáde níbẹ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun Ágíríìkì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ti lọ wo fídíò wọn lóru àná. Mi ò rí oorun sùn dáadáa. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ wo lọmọ yìí ń kọ́ yàtọ̀ sí èyí? Ìkejì, ẹ má pa irọ́ fún mi, ṣé àwọn tó ń ṣe é máa ń rọ?

Bọ̀dá Manchester

Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún yín. Darcy Ward ọmọ Ọsirélíà, tó gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 2009 àti 2010, ṣubú ní Zielona Góra ní oṣù kẹjọ 2015. Ọmọ ọdún 23 ni. Kò lè fẹsẹ̀ rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹni tó mọ eré débi tó lè dé ni Ward, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n tètè gbé gòkè. Dan Bewley náà fara pa gidigidi ní 2018, ó padà, ó jáwé olúborí ní Grand Prix Cardiff ní 2022. Méjèèjì ló wà nínú eré yìí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀, ó ń tan yín ni.

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó

Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ ṣeun. Ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ku ọdún kan kó gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá rẹ̀ ní ohun tó ń pa òun lẹ́kún gan-an nìyẹn, pé tó bá gòkè, á ju iṣẹ́ náà nù.

Ìyá Ṣẹ́gun Ágíríìkì

Ẹ ò rí i! Ẹ̀yin ń bá ìṣirò kiri, ìyá ọmọ ti rí ibi tọ́rọ̀ wà. Kó gba ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fo fẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín pé ìyá kan ní Ágíríìkì ń kí i.

Alhaji Ìmọ́tà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ máṣíìnì yìí, ṣé òótọ́ ni pé ìjọba tún fẹ́ lé ọ̀kadà kúrò ní Ìkòròdú bíi ti Ìkẹjà ní 2022? Mo gbọ́ ọ ní Gáràjì láàárọ̀.

Alábòójútó

Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ewé tirẹ̀ fún ìyẹn. Ìgbà kẹta nìyí lóṣù yìí.

Mẹkáníìkì Odógùnyán

Bàbá Ìbejì, ohun kan kù. Máṣíìnì mélòó lọmọ ní?

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó

Ẹyọ kan, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì kejì wà, àmọ́ wọn ò tíì tún un ṣe.

Mẹkáníìkì Odógùnyán

Ẹyọ kan fún líìgì méjì! Ẹ tún ẹ́ńjìnnì kejì yẹn ṣe kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ́ńjìnnì tó bá fọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ta ló máa bá yín tún un di ọjọ́ Àìkú? Ọmọ tí máṣíìnì ò dá lójú kì í sáré dáadáa. Á máa gbọ́ ìró tí kò sí ńbẹ̀.

Bàbá Ìbejì Ìgbógbó (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ní kí ọ̀rọ̀ lójú kí n tó padà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ náà lójúkojú, ó béèrè ohun tí Bọ̀dá Manchester ní kó béèrè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ ọ. Ó gbà pé nọ́ńbà ọmọ wà lára ohun táwọn wò. Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ máa dúró nísàlẹ̀ bó ṣe wà, pé tí ẹnì kan bá fara pa lókè kí wọ́n máa pè é wá sáré, títí ọdún yìí á fi parí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, tí ìwé iṣẹ́ iná rẹ̀ bá ti jáde, wọ́n á tún jókòó. Inú ọmọ kò kọ́kọ́ dùn, ọjọ́ méjì ni kò fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wọ́n pè é lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, lóde. Ìje 3, póìntì 2, ìṣubú 1, kò fara pa. Ó gba 1 nínú ìje rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣubú nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó tún gba 1 nígbẹ̀yìn. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láàárín òru: "Ańkù, pápá yẹn gùn ju tiwa lọ. Ojú ọ̀nà tààrà, máṣíìnì mi kàn ń pariwo ni, kò lọ mọ́. Gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá."

Ọmọ Èbúté

2 lóde, ní àkọ́kọ́! Dádì, ẹ kú oríire. Mo sọ fún yín!

Ìyá Ṣẹ́gun Ágíríìkì

A dúpẹ́ pé kò fara pa. Ẹ ò sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí.

Mẹkáníìkì Odógùnyán

Tó bá ń pariwo tí kò lọ, á jẹ́ pé jíà pápá kékeré ni wọ́n gbé lọ sí pápá ńlá. Ẹ bi í: eyín mélòó ló wà lórí sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tó lò? Kó sì ya fọ́tò rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó tú u.